Kẹ̀kẹ́ Òkè Olówó Pọ́ọ́kú fún Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Wúwo

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni mò ń gbé, lọ́nà Ìmọ́tà. Kílò 118 ni mo wọ̀n. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́, bó bá sì di ọjọ́ Sátidé, èmi àti àwọn àbúrò kan máa ń lọ sí kòtò ńlá kan tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ pupa tì, a ó máa fi kẹ̀kẹ́ fò láti orí ebè yẹ̀pẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ásùlù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tí mò ń lò ti kán lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ń bá mi tún un ṣe sì ní ara mi ló pọ̀ jù fún kẹ̀kẹ́. Owó tí mo tù jọ kò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà 350 náírà lọ. Mẹ́ta ni mo ti rí. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn, ó sì ń dán gbinrin. Èkejì jẹ́ tòkúnbọ̀, Kona Stinky àtijọ́, táyà íǹṣì 26. Ìkẹta náà jẹ́ tòkúnbọ̀, ṣọ́ọ̀kì iwájú nìkan ló ní, irú tí wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ sí, táyà rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 27.5. Èwo ni kí n rà? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ dín ara kù ná?

Ìdáhùn: Àbúrò wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ìwọ̀n ara yín sílẹ̀ láìfi bò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń béèrè irú ìbéèrè yìí kì í sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni gbogbo ìṣirò dá lé lórí. Ẹ jẹ́ kí n ti ìparí ọ̀rọ̀ yín bẹ̀rẹ̀: ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ ó fọn. Kẹ̀kẹ́ tó lè gbé kílò 118 wà, owó yín sì lè ká a bí ẹ bá ti mọ ibi tó yẹ kí owó náà lọ. Lójú tèmi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó rà, kí bíréèkì tẹ̀ lé e, kí ṣọ́ọ̀kì iwájú ṣe ìkẹta. Iye jíà, àwọ̀ férémù àti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló gbẹ̀yìn pátápátá.

Ásùlù tó kán lẹ́ẹ̀mejì yẹn ti jẹ́ kí n fura sí irú họ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yín, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí ásùlù gba inú rẹ̀ kọjá, bí n kò tilẹ̀ fojú rí i. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó kún orí kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú ni èyí tí wọ́n ń pè ní freewheel, nínú èyí tí eyín jíà àti ẹ̀rọ tó ń ta kakaka jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n yí mọ́ ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀bù. Nítorí pé eyín jíà wọ̀nyí gba àyè lápá ọ̀tún, béárìn ọ̀tún ní láti sá sínú lọ́hùn-ún, tó fi jẹ́ pé bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ásùlù ló máa ń yọ jáde láìsí ohun tó gbé e ró kó tó kan férémù. Ó dà bí pákó tí wọ́n nà kọjá etí gọ́tà, tí èèyàn wá lọ dúró sí orí ibi tí kò kan nǹkan kan. Ẹni kílò 60 lè gùn ún títí láìkan wàhálà, ṣùgbọ́n ní kílò 118, pàápàá bí ẹ bá ń fò bọ́ sílẹ̀, irin yẹn yóò kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀, táyà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ jó bọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò kán. Bí wọ́n bá fi ásùlù tuntun sínú họ́ọ̀bù kan náà, òun náà yóò kán. Ẹni tó ń bá yín tún un ṣe kò parọ́ pé ẹ wúwo, àmọ́ họ́ọ̀bù ni kò tó gbé yín.

Oríṣi kejì ni wọ́n ń pè ní cassette. Nínú tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ta kakaka jẹ́ ara họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, eyín jíà kàn ń rọ́ wọ̀ ọ́ ni. Nínú irú tí Shimano, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, ti ń ṣe láti 1978, béárìn ọ̀tún wà ní ìkángun lóde, nítòsí férémù, nítorí náà ásùlù kò ní ibi gígùn kan tó ti dá dúró. Bí ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀ níwájú ẹni tó ń tajà rèé: ẹ ní kí ó yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fún yín, ẹ fi ọwọ́ yí eyín jíà padà sẹ́yìn, kí ẹ sì tẹjú mọ́ àárín gbùngbùn, níbi tí wọ́n gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sí fún irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tú u. Bí ibi tí wọ́n gbẹ́ yẹn bá ń bá jíà yí, cassette ni. Bí jíà bá ń yí tí ibẹ̀ dúró gbagidi, freewheel ni, ẹ dá a padà fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí ó sọ fún yín pé kẹ̀kẹ́ òun ní jíà 21. Jíà 21 túmọ̀ sí mẹ́ta níwájú, méje lẹ́yìn, méje lẹ́yìn sì ni ibi tí freewheel ti wọ́pọ̀ jù lọ.

Họ́ọ̀bù nìkan kọ́ ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ ka sípóòkù rẹ̀. Bí ó bá kéré sí 32, ẹ kọjá lọ. 36 ló dára jù fún yín. Ẹ wo inú rímù níbi tí orí sípóòkù ti yọ: bí ó bá jẹ́ pé ìpele irin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, rímù náà yóò ká níbi kòtò àkọ́kọ́ tí ẹ bá já sí lójú ọ̀nà Ìmọ́tà. Èyí tó ní ìpele méjì, tí ihò ìsàlẹ̀ jìn, tí ẹ sì máa fojú rí àyè láàárín ìpele méjèèjì, ni ẹ fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka fún sípóòkù ní méjì-méjì yí táyà ká. Ó yẹ kí gbogbo àwọn ti apá ọ̀tún le bákan náà, kí ti apá òsì rọ̀ díẹ̀ jù wọ́n lọ, nítorí eyín jíà ti fa ẹsẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àṣìṣe kan tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni pé bí táyà bá ti ń jó, èyí tó bá dẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń fún, wọn kì í wo ìyókù. Sípóòkù tí kò le tó ló ń kán, nítorí gbogbo ìgbà tí táyà bá yí ni yóò máa tẹ̀ tí yóò tún máa nà ní ọrùn rẹ̀, títí irin yóò fi rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí tó jẹ́ tuntun tó ń dán yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ tuntun, tó ní ṣọ́ọ̀kì méjì, tí owó rẹ̀ sì rọjú, ó ní ibi tí wọ́n ti gé owó kúrò, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, bíréèkì àti oríkèé tí férémù ẹ̀yìn fi ń tẹ̀. Sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣe é ṣètò fún ìwọ̀n yín, yóò máa wọlé dé òpin nígbàkúùgbà, irin yóò sì máa gbá irin. Ṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irú Suntour XCT, tí ọ̀pá rẹ̀ ki tó mìlímítà 28. Ẹ fi wé RockShox Lyrik tó jẹ́ mìlímítà 35, tàbí Fox 36 tí nọ́ńbà orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ ìwọ̀n ọ̀pá náà. Kò sí ẹ̀sùn tí mo fi kan Suntour níbí o. Wọ́n ṣe XCT fún ọ̀nà pẹ̀lẹ́, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Kona Stinky ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ freeride ni, ìyẹn ni pé wọ́n ṣe é fún fífò àti bíbọ́ sílẹ̀ láti ibi gíga. Àwọn òkè North Shore lẹ́gbẹ̀ẹ́ Vancouver, ní Kánádà, ni eré náà ti gbilẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 2000, nígbà tó sì di 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje Red Bull Rampage ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi kẹ̀kẹ́ bọ́ láti orí àpáta. Kẹ̀kẹ́ irú àsìkò yẹn nípọn, férémù wọn le, púpọ̀ nínú wọn sì ní ásùlù iwájú oní-mìlímítà 20 àti sípóòkù 36. Ní ti gbígbé ẹni tó wúwo, kò sí èyí tó tó Kona nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àmọ́ ẹ gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí ó ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Ìkòròdú kì í ṣe Ìdànrè. Ilẹ̀ wa tẹ́jú, ohun tó pọ̀ lọ́nà yín ni kòtò, búm̀pù àti yẹ̀pẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó wúwo tó kílò 18, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń rì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, yóò gba agbára yín kí ẹ tó dé ibi iṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ. Ẹ di ìjókòó rẹ̀ mú kí ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀: bí ẹ bá gbọ́ tí oríkèé ẹ̀yìn ń dún kó-kó kí táyà tó kúrò nílẹ̀, béárìn tàbí búṣì ibẹ̀ ti jẹ. Bí ó bá jẹ́ béárìn, ẹ má fòyà jù, nítorí nọ́ńbà máa ń wà lára rẹ̀, irú bí 6902, ẹ sì lè mú nọ́ńbà náà tọ àwọn tó ń ta béárìn ẹ̀rọ lọ. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tó ń jo epo ni kí ẹ bẹ̀rù, torí rọ́bà inú rẹ̀ ṣòro láti rí, ẹni tó mọ̀ ọ́n tú kò sì pọ̀.

Sípíríǹgì ẹ̀yìn Kona máa ń ní nọ́ńbà méjì lára, fún àpẹẹrẹ 400 àti 3.0. Àkọ́kọ́ ni iye pọ́ùn tí yóò fún un wọlé ní íǹṣì kan, èkejì ni iye íǹṣì tó lè wọlé. Ẹni tó ta á ní òkè òkun lè jẹ́ kílò 75, tirẹ̀ ni sípíríǹgì náà. Ẹ jókòó sórí rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń gùn ún, kí ẹnìkan wọn bí ṣọ́ọ̀kì ṣe wọlé tó: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló yẹ. Bí ó bá jẹ́ ìdajì, ẹ ní láti wá sípíríǹgì tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni máa yí òrùka tó di sípíríǹgì mú lọ́pọ̀ ìgbà láti fi bo àbùkù yìí, ìyípo méjì ti tó; lẹ́yìn ìyẹn ńṣe ni yóò kàn máa fún un pọ̀, kò ní mú un le.

Ìkẹta ni mo fẹ́ kí ẹ rà, bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá yege nínú ohun tí mo sọ lókè. Kò ní oríkèé lẹ́yìn tó lè jẹ, ó fúyẹ́, ẹ ó sì lè gùn ún lọ síbi iṣẹ́ láì dé ibẹ̀ pẹ̀lú òógùn. Àǹfààní tó tóbi jù fún yín ni ṣọ́ọ̀kì oníafẹ́fẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ lásán ni ẹ máa fi kún un kí ó tó bá ìwọ̀n yín mu. Ẹ so rọ́bà tínrín mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, ẹ gùn ún, ẹ sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ wo ibi tí rọ́bà náà sún dé. Bí ṣọ́ọ̀kì bá jẹ́ mìlímítà 120, kí rọ́bà sún tó 24 tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ ka iye PSI, ìyẹn ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́, tó ga jù tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ má sì kọjá rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Àyè inú ṣọ́ọ̀kì kéré gan-an, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fọkanáísà lè kún un rékọjá kíákíá, ó sì lè ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Pọ́ǹpù kékeré kan wà tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì nìkan, ẹ fi owó rẹ̀ kún owó kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó dúnàá dúrà.

Táyà 27.5 kò wọ́pọ̀ ní ọjà wa bíi 26. Ẹ ra táyà àti tíúbù kan sílẹ̀. Kí táyà náà fẹ̀ tó íǹṣì 2.4 bí férémù bá gbà á, kí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn wà láàárín 35 sí 40 PSI, kí iwájú dín díẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò kéékèèké méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ lára tíúbù, afẹ́fẹ́ ló kéré, rímù ló gé e.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ Sátidé. Ìlànà kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní ASTM F2043, tí àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ fi ń pín in sí ìsọ̀rí 1 sí 5. Ìsọ̀rí 3 wà fún bíbọ́ láti ibi tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 61 lọ, ìsọ̀rí 4 fún 122, ìsọ̀rí 5 ni ti freeride paraku. Nọ́ńbà náà máa ń wà lára férémù àwọn kẹ̀kẹ́ kan, bí ẹni tó kun tòkúnbọ̀ lọ́dà kò bá tíì bò ó. Ìkẹta yín yóò ṣeé ṣe kó wà ní ìsọ̀rí 3. Ẹ tún wá ìwọ̀n tí wọ́n ní kẹ̀kẹ́ lè gbé. Ilé iṣẹ́ Trek tó ń ṣe kẹ̀kẹ́, fún àpẹẹrẹ, kọ kílò 136 fún ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ òkè rẹ̀, àpapọ̀ ẹni, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù sì ni. Ẹ̀yin 118, kẹ̀kẹ́ 14, ó di 132. Àpò tó kún fún irinṣẹ́ àti omi, ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹ tó fò.

Bí ẹ ṣe ń balẹ̀ ló tún ṣe pàtàkì jù. Ẹ gbà pé ẹ bọ́ láti sẹ̀ǹtímítà 60 sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí orúnkún yín bá le gán-an, tó jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 10 péré ni ara àti ṣọ́ọ̀kì fi rí àyè gba ìbọ́ náà, agbára tó máa dé sílẹ̀ yóò tó ìwọ̀n yín lọ́nà méje: 60 àti 10 jẹ́ 70, ẹ pín in sí 10. Fún 132 kílò, ìyẹn lé ní 900. Bí ẹ bá dìde dúró lórí pẹ́dàlì, tí ẹ jẹ́ kí orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ ká títí ara yín fi sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, 100 ni ẹ ó pín sí 40, ó di ìlọ́po méjì ààbọ̀, 330 kílò. Kẹ̀kẹ́ kan náà ni, ebè kan náà ni. Nítorí náà, ẹ mú ṣọ́bìrì dání lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ da yẹ̀pẹ̀ sí ibi tí ẹ ó balẹ̀ sí kí ó di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí táyà lè máa yí lọ sísàlẹ̀ dípò kí ó gbá ilẹ̀. Ní àsìkò òjò, ẹ jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ kòtò tó ga, nítorí yẹ̀pẹ̀ pupa máa ń ya lulẹ̀ láìkìlọ̀.

Bíréèkì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ jẹ́ 132, ẹni kílò 75 àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ju 89 lọ, tó túmọ̀ sí pé ooru tí bíréèkì yín máa gbé nígbà tí ẹ bá dúró láti eré kan náà jẹ́ bí ìlọ́po kan ààbọ̀ tirẹ̀. Kí díìsìkì iwájú jẹ́ mìlímítà 180 ó kéré tán, 203 bí ṣọ́ọ̀kì bá gbà á. Èyí tó ń fi epo ṣiṣẹ́ ló dára jù, ṣùgbọ́n ẹ mọ irú epo tó ń mu: Shimano ń lo epo tí wọ́n ń pè ní mineral oil, àwọn mìíràn ń lo DOT bíi ti ọkọ̀. Ẹni tó bá da DOT sínú Shimano ti ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi aṣọ nu férémù, kí ẹ wo ibi tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti pàdé ọrùn, ibi tí ọ̀pá ìjókòó ti pàdé ti òkè, àti ibi tí ásùlù ẹ̀yìn jókòó sí. Ọ̀dà tó wú tàbí tó sán bí irun orí lè jẹ́ àmì pé irin abẹ́ rẹ̀ ti là. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání: bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ alúmíníọ̀mù. Bí alúmíníọ̀mù bá ti là, ẹ má gbọ́ tẹni tó ní wẹ́dà òun yóò jó o. Alúmíníọ̀mù 6061 tí wọ́n fi ń ṣe férémù máa ń padà wọ iná ní ilé iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o, kí agbára rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà kò ní irú iná bẹ́ẹ̀, ibi tó jó yóò rọ̀, yóò sì tún là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tó ti ha tàbí tó tẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò wọ́n.

Nínú 350 yẹn, ẹ má san ju 250 lọ fún kẹ̀kẹ́. Kí ìyókù jẹ́ ti pọ́ǹpù ṣọ́ọ̀kì, táyà, páàdì bíréèkì, àti owó ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tí yóò fún gbogbo sípóòkù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí wọ́n le dọ́gba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà padà tọ̀ ọ́, nítorí àwọn kan lára wọn yóò ti dẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé freewheel ni ẹ bá lórí ìkẹta náà, ẹ padà sórí Kona, kí ẹ fi ohun tó bá kù wá sípíríǹgì tó bá ìwọ̀n yín mu.